Ẹ Bi Elétí: Béèsì Dà Nínú Hẹ́dífóònù Olówó Ńlá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n Elétí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mò ń gbé, àpàlà àti fújì àtijọ́ ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi Sennheiser HD 600 ránṣẹ́ sí mi, ó ní àgbà hẹ́dífóònù ni. Mo ki okùn rẹ̀ bọ inú fóònù mi, mo gbé orin sí i. Ohùn olórin mọ́ lóló bí omi àfàárọ̀pọn, ṣùgbọ́n béèsì dà? Audio-Technica ATH-M50x tí ọ̀rẹ́ mi ní, tí owó rẹ̀ kò tó tèmi, ńṣe ló ń lù kìì nínú agbárí ẹni. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ̀gbọ́n mi ni? — Ọmọ Àfọ̀njá, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má fi ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ sùn. Láti ọdún 1997 ni HD 600 ti wà lọ́jà, èmi náà sì ní ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá tí mo ti pààrọ̀ fóòmù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Yí i padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Asẹ́ irin ni wọ́n fi ṣe ibẹ̀, o lè rí inú rẹ̀ láti ìta. Ti ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Ike ni wọ́n fi bò ó pa. Ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni tìrẹ, ẹlẹ́yìn bíbò ni tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ yín ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní sípíkà kan tí ikán ti jẹ àpótí rẹ̀ tán. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi kàn gbé e jókòó sẹ́nu àmù kan tí a kò fi pọn omi mọ́, wọ́n fi àkísà dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Àwo tánganran orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n rò pé ọkọ̀ agbépo ló ń kọjá.

Kì í ṣe oògùn ni bàbá mi fi sí i. Bí awọ sípíkà bá ti afẹ́fẹ́ níwájú, ó ń fa ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Tírébù, ìyẹn ohùn tó tinrín, kò bá ìyẹn wí, ó ti fò lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì béèsì gùn: ti 50 Hz, ìyẹn ìró tó ń mì ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7 nínú afẹ́fẹ́. Èyí tó jáde níwájú á pẹ́kọ́rọ́ gba ẹ̀gbẹ́, á lọ bá èyí tó jáde lẹ́yìn, ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà, wọ́n á sì pa ara wọn. Àmù ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn bíbò gbé àmù tirẹ̀ dání. Bí fóòmù rẹ̀ bá tún lẹ̀ mọ́ orí rẹ dáadáa, afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí ló kù láàárín awọ rẹ̀ àti ìlù etí rẹ, kò sì ríbi gbà. Gbogbo bí awọ yẹn ti ń mì ni ìlù etí rẹ ń mì. Ìdí nìyẹn tí béèsì rẹ̀ fi lè sọ̀ kalẹ̀ dé 20 Hz, níbi tí etí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Ní ti HD 600, asẹ́ ló yí awọ rẹ̀ ká, afẹ́fẹ́ iwájú ń rọra yọ́ lọ bá ti ẹ̀yìn. Ní etí tèmi, láti bíi 60 Hz lọ sísàlẹ̀ ni béèsì rẹ̀ ti ń joro. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì, 41 Hz ni ó ń dún, nítorí náà, o ń gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbá ọ láyà.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà ara páálí ṣì ọ́ lọ́nà. Páálí HD 600 sọ pé láti 12 Hz dé 39,000 Hz, ti M50x sọ pé láti 15 Hz dé 28,000 Hz. Bí a bá fi páálí ṣe, tìrẹ ló yẹ kó jinlẹ̀ jù! Ìwé ìpè ìnáwó ni páálí: ó sọ fún ọ pé oúnjẹ yóò wà, kò sọ iye ẹran tí yóò kàn ọ́.

Fóònù rẹ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. 300 ohm ni HD 600, 38 ohm ni ti ọ̀rẹ́ rẹ; ohm ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó. Iná tó ń ti ẹnu fóònù jáde kò tó láti ti tìrẹ dáadáa, ohùn á wá lọ sílẹ̀. Bí ohùn bá sì ti lọ sílẹ̀, béèsì ni etí àwa ènìyàn kọ́kọ́ ń pàdánù. Fletcher àti Munson ti fi èyí hàn ní ilé iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933. Ìwọ wá ń fi èyí tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ wé èyí tó ń pariwo. Wá ámpílífáyà kékeré kan, tún ohùn méjèèjì ṣe títí ẹnu olórin á fi dọ́gba nínú wọn, kí o tó dájọ́. Ámpílífáyà kò ní dá béèsì tí kò sí níbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń tún ohùn ṣe nínú fóònù rẹ, o lè fi 3 tàbí 4 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó) kún ibi tó wà lábẹ́ 100 Hz. Kọ́kọ́ rẹ gbogbo ohùn sílẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa ya.

Wàyí o, béèsì púpọ̀ lọ́tọ̀, béèsì tó dára lọ́tọ̀. Nínú ẹlẹ́yìn bíbò, ìró tó lọ sẹ́yìn á gbá ike, á sì padà wá. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn a máa fi òwú àti fóòmù pa á, ṣùgbọ́n kì í kú tán. Yóò máa fa ìrù àwọn ohùn kan gùn, yóò máa da béèsì sórí ohùn ọkùnrin bí ẹni da ọbẹ̀ sórí aṣọ funfun.

Èyí ti dójú tì mí rí. Ẹgbẹ́ onífújì kan gbé iṣẹ́ fún mi kí n bá wọn po ohùn pọ̀. Òru ni mo ṣe é, nítorí àwọn ará ilé tó ń sùn, mo lo ẹlẹ́yìn bíbò. Béèsì àkúbà ń kún mi létí, mo bá ń gé e. Mo gé, mo tún gé, títí ó fi wọ̀ mí létí. Ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ gbé e sínú mọ́tò rẹ̀, ó tẹ́tí sí i fún bí ìṣẹ́jú kan, ó yíjú sí mi: “Elétí, ta ló jí ìlù wa?” Hẹ́dífóònù ló fi béèsì kún un fún mi, èmi ni mo wá lọ gé ojúlówó dànù. Ọ̀fẹ́ ni mo fi tún un ṣe, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Láti ìgbà náà, HD 600 yẹn ni mo fi ń parí iṣẹ́. Kí o tó dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ, wá orin kan tí gángan ti ń dá sọ̀rọ̀, jókòó síbi tó dákẹ́, kí o di ojú rẹ. Wàá gbọ́ bí apá ṣe ń fún ọsán kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Ṣaworo etí ìyáàlù á wà lápá kan, ó jìnnà díẹ̀ sí orí rẹ, bí ẹni pé onílù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́ sínú ẹlẹ́yìn bíbò, gbogbo wọn á fún mọ́ra wọn láàárín etí rẹ méjèèjì bí èrò inú dánfó.

Ìyẹn kò sọ olólùfẹ́ béèsì di ará oko o. Ní ọdún 2013, Sean Olive àti Todd Welti ti ilé iṣẹ́ Harman jẹ́ kí àwọn ènìyàn yan ohùn hẹ́dífóònù tó wù wọ́n. Èyí tó fara jọ sípíkà gidi nínú yàrá gidi ni wọ́n fẹ́, béèsì rẹ̀ sì ga ju ti ohùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé o fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹlẹ́yìn ṣíṣí pẹ̀lú béèsì tó dé ìsàlẹ̀ kànga, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní planar, bíi ti Audeze: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó fẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì tẹ́ lọ lára rẹ̀. Béèsì tiwọn kì í yẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wúwo lórí, wọ́n sì wúwo lápò.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá Elétí, èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Sony MDR-7506 ni mo ń lò nídìí ẹ̀rọ wa, ẹlẹ́yìn bíbò bí ẹ ṣe máa ń pè é. Lọ́jọ́ ìdánrawò, béèsì rẹ̀ pé. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, béèsì á ti lọ. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, apá ọ̀tún nìkan ló máa ń ní in. Ṣé okùn rẹ̀ ti ń já ni? — Ìyá Akọrin, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mà. Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ máa ń wé sórí lọ́jọ́ Ìsinmi?

Mo fura sí gèlè. Ẹlẹ́yìn bíbò tí mo ní ó gbé àmù dání yẹn, bí ihò tó kéré bí abẹ́rẹ́ bá wà lẹ́nu àmù náà, béèsì ló máa kọ́kọ́ sá jáde. Etí gèlè tó wọ abẹ́ fóòmù, apá gíláàsì ojú, irun dídì tó nípọn lẹ́yìn etí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti ṣí ọ̀nà fún un. Bí gèlè bá sì dagun sí apá kan, apá kejì nìkan ni béèsì á kù sí. Ẹ fi ojú ara yín rí i: ẹ gbé e sórí pẹ̀lú gèlè, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra tẹ ìta rẹ̀ mọ́ etí. Bí béèsì bá wọlé lójijì, okùn kò ní ẹ̀bi. Ẹ bojú wo fóòmù náà pẹ̀lú. Bí awọ rẹ̀ bá ti ń ho tàbí tó ti rì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn ẹlẹ́yìn ṣíṣí bíi ti ọmọ Ìlọrin yẹn kì í sábà bínú sí gèlè tó bẹ́ẹ̀, torí wọn kò gbára lé ẹnu dídí púpọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mà. Ohun tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni ẹni tó jókòó tì yín ń gbọ́, bí màíkì bá sì wà nítòsí, yóò gbé e. Ẹ wé gèlè yín sókè díẹ̀ ni mo lè sọ. Bí fìlà abetíajá bá jẹ́ ti àwọn ọkùnrin ibẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni.

ÌBÉÈRÈ: Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló yí ṣọ́ọ̀bù mi ká ní Yábàá. Hẹ́dífóònù wo ni kí n rà, ẹlẹ́yìn ṣíṣí ni tàbí ẹlẹ́yìn bíbò? — Télọ̀

ÌDÁHÙN: Ẹlẹ́yìn bíbò. Ṣíṣí kò ní dí jẹnẹrétọ̀ kankan, àfi kí ẹ máa fi wọ́n ṣe béèsì orin yín. Ṣùgbọ́n bíbò lásán, ariwo tó tinrín ló ń dí jù. Ìró gbùrù tó nípọn ṣì ń gba ara rẹ̀ wọlé, béèsì gan-an ló sì ń bò mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń lo bátìrì láti fi ìró pa ìró dára fún irú gbùrù bẹ́ẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yí ohùn sókè láti borí jẹnẹrétọ̀. 80 dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá, wákàtí tí télọ̀ sì ń lò nídìí máṣíìnì ju ìyẹn lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin tí ẹ ń ra hẹ́dífóònù bí ẹni ń ra ilẹ̀, ṣé etí yín yàtọ̀ sí tiwa ni? Ṣíṣí, bíbò, àṣà tuntun àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì! — Baba Àgbà, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àgbà, sà. Kò tuntun rárá. Ọdún 1968 ni Sennheiser gbé HD 414, ẹlẹ́yìn ṣíṣí àkọ́kọ́, jáde ní Jámánì, fóòmù rẹ̀ sì pọ́n bí ìyeyè. Etí wa kò sì yàtọ̀. Bí ẹ bá dé Ìbàdàn, ẹ yà ní Mọ́kọ́lá, màá fi gángan kan náà sínú méjèèjì fún yín, n kò ní gba kọ́bọ̀. Fìlà nìkan ni màá ní kí ẹ bọ́.