Washington Township èwo?

Ẹni wa tó ń gbé ní Maryland, tó kọ̀wé pé òun rí ilẹ̀ éékà márùn-ún tó wu òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Washington Township, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, tó kọ iye rẹ̀, tó wá ń béèrè bóyá ibẹ̀ jìnnà sí Columbus, olú ìlú ìpínlẹ̀ náà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ilẹ̀ náà léèrè pé Washington Township èwo? Ìpínlẹ̀ pín sí county, county sì pín sí township, ìyẹn ìjọba kékeré ìgbèríko. Ní Ohio nìkan, Washington Township 43 ló wà. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Columbus gan-an, lápá ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Dublin. Ẹ lè jáde nílé kí ẹ sì padà kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Ọ̀kan wà ní gúúsù Dayton, níbi tí ilé olówó pọ̀ sí. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kan, itẹ́ òkú kan, àti ilé panápaná tó jẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń sáré wá nígbà tí iná bá ń jó.

Ọdún 11 ni mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Ohio. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Ní Jánúárì 2014, nígbà òtútù burúkú tí àwọn oníròyìn ń pè ní polar vortex, mò ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì gbé ẹrù lọ sílé àwọn oníbàárà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n na ìwé kan sí mi: orúkọ obìnrin kan, Township Road àti nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́yìn náà “Washington Twp, OH”. Ó tán. Kò sí ZIP (nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́), kò sí orúkọ county. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú GPS, GPS mú ọ̀kan nínú 43, mo sì tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

Kì í ṣe pé n kò ní ohun tí ì bá mú mi fura. Obìnrin náà ti sọ fún mi lórí fóònù pé ilẹ̀ àwọn tẹ́ pẹrẹsẹ, pé láti máìlì kan ni n ó ti máa rí òrùlé wọn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 419 (ẹ má rẹ́rìn-ín, kóòdù tẹlifóònù gidi ni, láti 1947 ni wọ́n ti ń lò ó, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira), mo sì mọ̀ pé 419 ni wọ́n ń lò níbi tí mò ń lọ. Ohun tí n kò rò ni pé kóòdù yẹn nasẹ̀ láti Toledo àti Findlay títí dé Mansfield àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sì lè yà township kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Nọ́ńbà ojú ọ̀nà náà kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí county kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn ọ̀nà kéékèèké rẹ̀ ní nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà wà lọ́hùn-ún, ó wà níhìn-ín.

Nígbà tí mo kọjá Loudonville, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gun. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ dà? Mo bi ara mi, mo sì ń lọ. Ní ìsọ̀kalẹ̀ kan báyìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Mo ṣẹ́ ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, kò gbọ́. Mo ṣẹ́ ẹ sósì, ó ti bọ́ sínú kòtò. Kò yára rárá. Ńṣe ló rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ sinmi. Yìnyín dí ilẹ̀kùn apá ọ̀dọ̀ mi pa, fóòmù tí mo gbé sẹ́yìn sì ya lu ara ọkọ̀, ó dún gbì.

Mo kọ́kọ́ pe ìyàwó mi. Pátákó kékeré kan wà níwájú mi tí yìnyín bo ìdajì rẹ̀, mo ka ohun tó wà lára rẹ̀ fún un: “Mo wà lẹ́bàá Nashville.” Ó pariwo: “Tennessee? Bàbá Tóbi, kí lẹ lọ ṣe ní Tennessee?” Mo ní n kò mọ̀. Ẹ ò rí i, òótọ́ ni mo sọ.

Mo wá pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì. Obìnrin tó gbé e kò béèrè ohun tó ṣe mí, ibi tí mo wà ló kọ́kọ́ béèrè. Mo ní Washington Township. Ó ní, “County wo, sà?” Mo dákẹ́. Òpó tí fóònù mi mú kì í ṣe ti county tí mo wà, nítorí náà county mìíràn lòun náà ti ń dáhùn. Ó ní kí n sọ ohunkóhun tí mo bá rí láyìíká mi. Mo ní Nashville, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àṣé Nashville yẹn gan-an ló máa gbà mí sílẹ̀. Abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú Washington Township ti Holmes County, obìnrin náà sì mọ̀ ọ́n. Lójú ẹsẹ̀ ló ti fi mí lé àwọn ará Holmes lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó dé, bàbá kan lára àwọn Amish, àwọn ẹlẹ́sìn Kristi tí kì í wa mọ́tò, fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kọjá, ó dúró. Ó so ẹṣin mọ́ ọgbà, ó gbé àtùpà rẹ̀ jáde, ó lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ mi lórí òkè kí ọkọ̀ mìíràn má baà já lù mí. Nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró nínú òtútù yẹn, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun fún yìnyín. Mo fi ìwé hàn án. Ó kà á, ó dá a padà fún mi, ó ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ní àdúgbò àwọn, pé Washington pọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí.

Hancock County ni obìnrin oníbẹ́ẹ̀dì wà, nǹkan bíi wákàtí méjì sí ibẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti máìlì kan lóòótọ́ ni mo ti rí òrùlé wọn. Owó tí wọ́n fi fa ọkọ̀ jáde nínú kòtò, inú owó oṣù mi ni àwọn ọ̀gá mi ti yọ ọ́. Ẹni tó kọ ìwé tí kò ní county kò san kọ́bọ̀.

Ó yé mi lẹ́yìn náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé: bàbá ńlá kan á kú, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí lágbo ilé lọ́dún yẹn á di Babátúndé. Ẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ pe Babátúndé! George Washington kú ní 1799, Ohio di ìpínlẹ̀ ní 1803. County kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti di 88 báyìí, ló ń gé ilẹ̀ rẹ̀ sí township, tó sì ń sọ wọ́n lórúkọ láìbi county tó kù. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn akọni kan náà. Jackson wà 37. Nígbà tí Oliver Hazard Perry ṣẹ́gun ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí adágún Erie ní Sẹ́tẹ́ńbà 1813, orúkọ tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde káàkiri, Perry ti di 26. N kò tíì ka Union àti Liberty o. Tiwa, àwọn bàbá wa lẹ orúkọ ilẹ̀ mọ́ orúkọ ìlú, Ìdó-Èkìtì kò lè di Ìdó-Àní láé. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ohun tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ọn, county ni, wọ́n kàn máa ń gbàgbé láti sọ ọ́ ni. Ní New Jersey, ó sú àwọn kan: Washington Township tó wà ní Mercer County dìbò ní 2007 láti pa orúkọ yẹn tì, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2008 Robbinsville ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ má sì rò pé orúkọ ìlú tó wà nínú àdírẹ́sì lẹ́tà á tú u fún yín. Orúkọ ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn, ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ààlà. Ẹni tó ń gbé ní Jackson Township ti Stark County lè máa gba lẹ́tà pẹ̀lú Massillon, Canton tàbí North Canton, kó má gbé nínú ìkankan nínú wọn. ZIP náà lè gun orí ààlà county méjì.

Jackson yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi ní 2017. Mo ń wá ilẹ̀ tèmi, àgẹ́ńtì kan gbé ọ̀kan jáde: Jackson Township, Ohio, pẹ̀lú fọ́tò ilé ìtajà ńláńlá. Èyí tó wà ní Stark ni gbogbo ayé mọ̀, ó ní ju 40,000 ènìyàn lọ, ọjà Belden Village wà nínú rẹ̀. Iye tó pè é pa mí lẹ́rìn-ín ayọ̀. Mo ní kó fún mi ní parcel number, ìyẹn nọ́ńbà tí county fi ń dá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọjọ́ kìíní, kò fèsì. Ọjọ́ kejì, ó ní òun wà nípàdé. Ọjọ́ kẹta ó fi ránṣẹ́, mo wò ó, Vinton County ni! Inú igbó àti òkè ìsàlẹ̀ Ohio, county tí ènìyàn rẹ̀ kéré jù ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Jackson Township ni lóòótọ́. Ilẹ̀ náà kò burú, ẹtu ibẹ̀ á tó ẹ jẹ. Àgẹ́ńtì ní àṣìṣe ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ kò tún jọ sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí ẹ bá dé ibi ìwé ilẹ̀, ẹ fara balẹ̀, nítorí ẹ máa rí “township” lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Àkọ́kọ́ á ní orúkọ: Township of Washington, County of báyìí-báyìí. Ìjọba kékeré nìyẹn, àwọn trustee mẹ́ta (àwọn tí ará ibẹ̀ dìbò yàn láti máa darí rẹ̀) àti akápò kan, àwọn ló ń tún ọ̀nà kéékèèké ṣe, tí wọ́n sì ń tọ́jú itẹ́ òkú. Èkejì kò ní orúkọ, nọ́ńbà ló ní: Section 14, Township 19, Range 15, bí àpẹẹrẹ. Ti àwọn awọnlẹ̀ nìyẹn. Òfin tí Congress ṣe ní 1785 ló ní kí wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin, máìlì mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òró, kí wọ́n tún gé e sí section 36, kí section kọ̀ọ̀kan jẹ́ éékà 640, kí wọ́n sì ya section 16 sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́. Ìlà oòrùn Ohio ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Township onínọ́ńbà yìí àti township olórúkọ lè ṣe déédéé, wọ́n sì lè má ṣe déédéé. Ní òkè àríwá ìlà oòrùn, tó jẹ́ ti Connecticut tẹ́lẹ̀, máìlì márùn-ún ni wọ́n lò. Níbi tí Virginia ti pín ilẹ̀ fún àwọn sójà rẹ̀, kò sí igun mẹ́rin kankan: láti igi óòkù kan dé òkúta kan dé etí odò. Bí ìwé yín bá ń sọ ti igi àti òkúta, kì í ṣe jìbìtì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́yà tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ti Maryland yín.

Àwọn yòókù kò le. Bí parcel number bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ sórí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì auditor county náà (òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti owó orí rẹ̀), àwòrán ilẹ̀ wà níbẹ̀, owó orí wà níbẹ̀, ẹ máa rí agbègbè ilé ẹ̀kọ́ tó bọ́ sí. Ẹ béèrè ẹni tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà iwájú ilẹ̀ náà, ìpínlẹ̀ ni, county ni, àbí township. Ti township ló máa ń pẹ́ jù, n kò purọ́ mọ́ wọn. Ẹ sì lọ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ti ń gbé ibẹ̀, ẹ kọ orúkọ county mọ́ ara fíríìjì. Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ ọdún méje, orúkọ county wa ló máa ń kọ́kọ́ sọ bí ẹ bá bi í níbi tó ń gbé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ fi parcel number náà ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín wò ó, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ Dublin, iye tí ẹ kọ yẹn kò lè ra éékà márùn-ún níbẹ̀, n kò ní tàn yín. Bó bá jẹ́ Holmes, ẹ ra táyà yìnyín, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn ará ilé yín pé Nashville kan wà níbẹ̀.