Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì: ṣé mo ṣì lè di dókítà eyín?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi àti ọmọ kan, mo sì ti ní gíríìn káàdì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà lóru ni mo ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n tètè wọ community college (kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì) títí di ọdún tó kọjá. Dókítà eyín ni mo fẹ́ dà, ṣùgbọ́n D ni mo gbà nínú kẹ́mísírì àkọ́kọ́. Mo ní OND láti ilé. Ọkọ mi ní kí n lọ ṣe dental hygiene (iṣẹ́ fífọ eyín fún àwọn aláìsàn), pé ọjọ́ orí ti ń lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ tún kẹ́mísírì náà kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo ti ṣe é rí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọmọ Kan

Ìyá Ọmọ Kan, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló rọrùn jù níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè kúrò lórí ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1975 kò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ fi ọjọ́ orí lé ènìyàn padà. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, ẹ ó wọlé ní ọmọ ọdún 34 tàbí 35, ẹ ó lo ọdún mẹ́rin, ẹ ó sì máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó pé 40. Ìwé èsì yín ló lè dá yín dúró, iṣẹ́ òru yẹn ló sì ń bà á jẹ́.

Ẹ má gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín. Fọ́ọ̀mù méjì ni wọ́n fi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín lọ́dọ̀ yín: TMDSAS fún ti ìjọba Texas, AADSAS fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù. Méjèèjì ló ń béèrè èsì láti gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ rí, títí kan èyí tí ẹ lò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn náà pé ẹ fi kan pamọ́, wọ́n lè gba àyè náà padà lọ́wọ́ yín. D kan kò tó nǹkan tí ènìyàn ń torí ẹ̀ purọ́.

Ẹ ní láti tún kẹ́mísírì náà kọ́ lóòótọ́, nítorí C ni ó kéré jù tí wọ́n ń gbà. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì yín lè sọ pé máàkì tuntun ti rọ́pò ti àtijọ́, ṣùgbọ́n TMDSAS àti AADSAS yóò ka méjèèjì. D nínú yúníìtì mẹ́rin, kí ẹ tún un ṣe kí ẹ gba A: 2.5 nínú 4 ni yóò já sí lójú tiwọn. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Tí ẹ bá fi máa parí tí yúníìtì sáyẹ́ǹsì yín jẹ́ 60, tí 56 tó kù sì wà ní 3.7, GPA (ìpíndọ́gba máàkì) sáyẹ́ǹsì yín yóò jẹ́ 3.52. Ẹni tó ní 3.52 tó sì ń lọ sókè lọ́dọọdún kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fojú fò. D kejì ló máa ń pa ènìyàn lára.

Nítorí náà, ẹ dín òru kù kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó ń bọ̀. Kẹ́mísírì àti bàọ́lọ́jì pẹ̀lú láàbù wọn ní sáà kan náà, pẹ̀lú òru mẹ́rin lọ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, a kì í rí ẹni tó ń gbádùn ẹ̀. Ẹ mú sáyẹ́ǹsì kan àti kíláàsì fífúyẹ́ méjì, kódà bó bá fi ọdún kan kún un. Bí ẹ bá rí i láàárín sáà pé kò ní dáa, ẹ jáwọ́ kí ọjọ́ ìyọkúrò tó kọjá. W, àmì tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó yọ kúrò, sàn ju D lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ dàṣà: kíláàsì mẹ́fà péré ni òfin Texas gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ yọ kúrò nínú wọn ní gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba rẹ̀. Pell, owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, náà ní gbèdéke, sáà 12 ni.

Ẹ parí bàọ́lọ́jì àti kẹ́mísírì gbogbogbòò níbi tí ẹ wà, kí ẹ wá lọ ṣe organic chemistry àti biochemistry ní yunifásítì. Àwọn tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ rí i pé sáyẹ́ǹsì tó le kò dà yín láàmú níbẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún orúkọ: kẹ́mísírì "ìbẹ̀rẹ̀" àti anatomy tí wọ́n ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n ń béèrè. Ti akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì gan-an ni kí ẹ mú. OND yín? Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ jẹ́ kí WES tàbí ECE, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn sí i pé yóò dúró fún sáyẹ́ǹsì kankan.

DAT, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín, ń bọ̀ lẹ́yìn organic chemistry kejì. Sáyẹ́ǹsì rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 100 ní ìṣẹ́jú 90. Bàọ́lọ́jì kó 40, kẹ́mísírì gbogbogbòò àti organic pín 60 tó kù dọ́gba. Ìwé kíkà àti ìṣirò wà níbẹ̀. Apá tó ń bá àgbàlagbà lójijì ni Perceptual Ability: ìbéèrè 90 ní ìṣẹ́jú 60, ẹ ó máa fojú inú ká bébà, ẹ ó máa wo igun mẹ́rin kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Kò sí ìwé tí ènìyàn lè há sórí fún un. Ìdajì wákàtí lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́. Wákàtí mẹ́rin ní ọjọ́ Sátidé kò ní ràn yín lọ́wọ́. Bí máàkì yín kò bá dáa, ó di ọjọ́ 60 kí ẹ tó tún un ṣe, ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹ sún un di ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Amẹ́ríkà (summer).

Kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti dókítà eyín wo iṣẹ́. Wákàtí 100 ni ẹ fojú sí, kó má jẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ máa kọ ọjọ́, wákàtí, àti ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kí ẹ tó délé. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́ ìwé ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì méjì àti dókítà eyín kan, olùkọ́ tí kò dá yín mọ̀ kò sì ní rí nǹkan kọ ju máàkì yín lọ. Ẹ máa lọ sí ọ́fíìsì wọn nígbà tí ẹ ò tíì nílò nǹkan kan.

Iṣẹ́ òru tí ẹ ń ṣe wà lára ohun tó dáa jù nínú fọ́ọ̀mù yín. Ẹni tó ti ń yọ eyín àtọwọ́dá lẹ́nu àgbàlagbà fọ̀ lóròòru, tó ti rí arúgbó tó kọ oúnjẹ nítorí ẹnu ń dùn ún, ti mọ nǹkan tí ọmọ ogún ọdún kò mọ̀. Lẹ́tà 4,500 ni AADSAS gbà fún ìtàn yín, àlàfo wà lára wọn. Ẹ lò wọ́n lórí ìyẹn. Gbólóhùn méjì tó fún D náà; ẹ má bẹ̀bẹ̀.

Oṣù karùn-ún ni àwọn fọ́ọ̀mù náà ń ṣí, ó sì ju ọdún kan lọ kí ẹni tó bá fi ránṣẹ́ tó wọlé. Ẹ fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹfà, torí pé àyè ń tán bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Owó kan náà ni TMDSAS ń gbà bóyá ilé ẹ̀kọ́ kan ni tàbí mẹ́rin: Houston, San Antonio, Dallas àti El Paso. Ẹ kọ gbogbo wọn, àwọn tó ń gbé ní Texas ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ jù lọ àyè wọn sílẹ̀ fún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ronú Howard àti Meharry, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni méjì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀rọ̀ owó ló sọ àwọn mẹ́rin yẹn di pàtàkì. Láti July 1, 2026, Grad PLUS, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, kò sí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá owó. $50,000 lọ́dún àti $200,000 lápapọ̀ ni ìjọba àpapọ̀ lè yá yín. Ọdún kan pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ ti kọjá $100,000 ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ẹ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ òru nígbà náà, torí àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì àti kílíníìkì.

Ní ti ọkọ yín, hygiene kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, ó ń mówó wọlé dáadáa, ọ̀nà rẹ̀ sì kúrú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àtẹ̀gùn sí ti dókítà: ọ̀pọ̀ kíláàsì rẹ̀ kò ní dúró fún sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń béèrè, ẹ ó tún padà wá bẹ̀rẹ̀ kẹ́mísírì. Ẹ fún kẹ́mísírì kejì àti organic àkọ́kọ́ ní àkókò tó yẹ wọ́n, pẹ̀lú òru tó dín kù. Bí ẹ bá gba B tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú méjèèjì, ẹ fi èsì náà han ọkọ yín. Bí ó bá jẹ́ C ni ẹ ń rí láìka gbogbo ìyẹn sí, ẹ pe ẹ̀ka hygiene, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù wọn ń parí.