Ọmọ tọ́wọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n nídìí tẹ́búlù

Màmá wa tẹ́ ẹ ní ọmọ yín ń na gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ní tréníìnì àmọ́ tó bá ti di ìdíje báyìí ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ kú ìtọ́jú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́búlù tẹ́nìsì ní Sùúrùlérè níbí, irú wọn pọ̀ lọ́wọ́ mi gan-an, kì í ṣe ayé ló ń ṣe é jàre.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ̀rù yẹn náà lẹ tún ń rán an létí. Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fún un ṣe. Ẹ wo sáàfù, ìyẹn gbígbá tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ páìntì kọ̀ọ̀kan, òfin ní kí bọ́ọ̀lù wà lórí àtẹ́lẹwọ́ tó là sílẹ̀, kó sì lọ sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16 ó kéré tán kó tó gbá a, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti máa ń kọ́kọ́ hàn, torí ọmọ táyà ẹ̀ ń já á ká ìka kò, á ju bọ́ọ̀lù bíńtín, á kánjú gbá a, réfúrì á ní fọ́ọ̀tì, páìntì lọ nìyẹn, ẹ̀rù wá di méjì. Tèmi, kó tó sáàfù, kó dúró, kó wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹ̀, kó mí síta díẹ̀díẹ̀, kó mú ibi tó fẹ́ gbá a sí. Bó ṣe ṣe é ní 2-0 ni kó ṣe é ní 9-10 o, torí tó bá jẹ́ ìgbà tó bá há nìkan ló ń rántí ẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn páìntì mẹ́fà-mẹ́fà, òfin gbà kéèyàn lọ nura. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í lọ. Kódà kó má làágùn, kó lọ. Ẹ jẹ́ kó wo fídíò Aruna Quadri, ọmọ Ọ̀yọ́, ní Rio 2016, níbi tó ti na Timo Boll ará Jámánì tó sì di ọkùnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé kọ́tà-fáínà síńgù nínú Òlíńpíìkì. Kó má wo bó ṣe ń gbá a nìkan, kó wo ohun tó ń ṣe láàárín páìntì kan sí èkejì.

Ní tréníìnì, ẹ ní kí kóòṣì wọn máa bẹ̀rẹ̀ gíìmù láti 8-8, káwọn tó kù máa pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa ṣa bọ́ọ̀lù gbogbo ilé. Ara á mọ́ ọn.

Èyí tó kàn, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin òbí. Tọ́mọ bá ti pàdánù páìntì, ojú yín ló kọ́kọ́ ń wò. Ẹ lọ jókòó sí ẹ̀yìn ẹ̀, níbi tí ò ti ní rí yín, tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sílé, ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan fún un jẹ, ọ̀rọ̀ gíìmù lè dúró dọ̀la. Àmọ́ tó bá ti ń bì, tí ò lè sùn, tó ń sunkún pé òun ò lọ mọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi ìdíje ná.

Ẹ sọ fún mi, ṣé sáàfù tiẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́ ni àbí bó ṣe ń gba tẹni kejì? Ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe yàtọ̀ síra.