Èsì: Má wo oòrùn nìkan, wo igi

Àbúrò, o kú ìfaradà òtútù. O béèrè bóyá òtútù ti lọ, kí o lè gbin ewédú rẹ síta. Má tíì kó kóòtù rẹ pamọ́, má sì tíì gbin ewédú yẹn síta. Oòrùn tó ràn ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, lánàá kò ní kí òtútù ti lọ. Nínú oṣù Kẹta, oòrùn lè ràn yòò lónìí, kí ìrì dídì bo koríko láàárọ̀ ọ̀la.

O tún ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ìgbà ìrúwé (spring), tí ewé ń yọ lẹ́yìn òtútù, dé. Snowdrop, òdòdó funfun kékeré kan, ló ń kọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n inú òtútù gan-an ló ti ń tanná, kò tó gbára lé. Sún mọ́ igi ẹnu ọ̀nà rẹ, kí o wo ṣóńṣó ẹ̀ka rẹ̀ dáadáa. Ìrudi tó le koko ní oṣù Kejìlá á ti wú, á ti là lẹ́nu, ewé tútù á máa yọjú díẹ̀díẹ̀. Èyí ni èmi gbà gbọ́ jù, torí igi kì í kánjú. Inú mi máa ń dùn gan-an bí mo bá rí i!

Aago náà tún jẹ́ àmì: Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta ni wọ́n ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní Britain. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ kì í ṣú kí aago méje alẹ́ tó kọjá.

Ní ti ewédú:
1. Gbìn ín sínú ike lójú fèrèsé ní oṣù Kẹrin.
2. Gbé e síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, bí òru kò bá tutù mọ́.

Ará London, níbi tó móoru díẹ̀ ju Leeds lọ, lè tètè gbé tiwọn síta díẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Aberdeen, ní Scotland lókè àríwá níbi tó tutù jù, kó fi í sílẹ̀ sínú ilé.