Kọ́kọ́ rán aṣọ kí o tó ra irin

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ti tọ́jú owó díẹ̀, o ti rí odindi ìhámọ́ra irin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, o sì fẹ́ gbé e wọ pápá Tewkesbury ní England lóṣù keje ọdún tó ń bọ̀, níbi tí àwa tó ń fi ogun àtijọ́ ṣeré ti máa ń ṣàfarawé ogun tí wọ́n jà níbẹ̀. O wá ń bi wá bóyá kí o rà á, tàbí kí o ra ẹ̀wù àwọ̀n irin ná kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ rọ ìyókù. Èsì tèmi ni pé má tíì ra irin kankan. Aṣọ ni kí o kọ́kọ́ rán.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Irin ló ń dán, irin ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n irin kì í gbé ara rẹ̀ dúró lára èèyàn, aṣọ ló ń gbé e. Bí aṣọ abẹ́ kò bá bá ọ mu, ìhámọ́ra tó wọ́n jù lọ yóò máa wọ́ ọ nílẹ̀ ni, yóò máa ha ọ́ lábíyá, ẹ̀yìn á sì ti máa dùn ọ́ kí wọ́n tó fun fèrè.

Kí a tó débẹ̀, ọdún wo ni o fẹ́ bá wọn jà? Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 1471 ni ogun Tewkesbury wáyé. Ọba Edward Kẹrin ti ìdílé York ló ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Lancaster, ìdílé kejì tó ń bá wọn du oyè ọba England, tí Ayaba Margaret kó wá, wọ́n sì pa ọmọkùnrin ayaba náà níbẹ̀. Àṣíborí tó rí bíi korobá tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ yẹn, ti nǹkan bí ọdún 1300 ni. Ẹni tó bá dé e lọ sí 1471 ti gbé ohun ìgbà àwọn baba ńlá wọn wá sójú ogun, àwọn tó ń yẹ ohun ìjà wò lẹ́nu ọ̀nà pápá sì lè dá a padà. Ẹgbẹ́ tí o bá fẹ́ wọ̀ ló máa sọ ọdún tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọ́n ń gbà fún ọ, nítorí náà wá ẹgbẹ́ kí o tó wá ọjà.

Gbogbo èèyàn kọ́ ló jẹ́ sà, ìyẹn jagunjagun ọlọ́lá tó wọ irin láti orí dé ẹsẹ̀, lọ́jọ́ náà o. Ọ̀pọ̀ àwọn tó jà jẹ́ tafàtafà, tàbí àwọn tó di bill mú, ọ̀pá gígùn tó ní irin ìkọ́ lórí. Ẹ̀wù rírán tó nípọn tí wọ́n ń pè ní jack, àṣíborí sallet, ìbọ̀wọ́ gidi, ó ti tó. Ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí ẹni tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké gbá ara wọn lórí tí ẹnì kan sì wó lulẹ̀ gbàgà? Buhurt nìyẹn. Ìdíje ni, àjọ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IMCF tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 wà lára àwọn tó ń ṣètò rẹ̀, ìlù gidi sì ni wọ́n ń lu ara wọn, torí náà irin tiwọn nípọn ju tiwa lọ. Àwọn SCA, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń fi ìgbà àtijọ́ ṣeré, tó bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1966, pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe idà. Bẹ́ẹ̀ ni, pankẹ́rẹ́ tí tíṣà fi nà wá, tiwọn kàn nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ní tiwa, idà wa jẹ́ irin ṣùgbọ́n ó kújú, a máa ń fa ọwọ́ padà kí ìlù tó balẹ̀ tán, a kì í sì í gún ara wa lójú. Má ra ìhámọ́ra eré kan fún òmíràn.

Ó yá, aṣọ. Èyí tí àwọn tó ń wọ irin pẹlẹbẹ ń wọ̀ sábẹ́ ni arming doublet. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ó yẹ kó nípọn bíi tìmùtìmù kó lè gba ìlù. Rárá o. Irin ló ń gba ìlù. Iṣẹ́ aṣọ yìí ni láti di ìbàdí mú ṣinṣin, kí a lè so irin ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kí ìwúwo má bàa bọ́ sí èjìká. Ìwé àfọwọ́kọ kan wà láti England, ti àárín ọ̀rúndún 15, tó ṣàlàyé bí a ṣe ń di ìhámọ́ra fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ jà. Ó ní kó má wọ ṣẹ́ẹ̀tì rárá, dọ́bílẹ́ẹ̀tì fustian (aṣọ tí wọ́n fi òwú àti ọ̀gbọ̀ hun) tí wọ́n fi satin ṣe inú rẹ̀ nìkan ni, kí wọ́n sì dá ihò púpọ̀ sí i lára. Okùn tí wọ́n ó fi so irin mọ́ ọn, ó ní kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọsán ọrun, kí wọ́n sì fi ìda àwọn aránbàtà pa á. Mo ti lo okùn awọ, mo ti lo okùn bàtà ọ̀rá. Awọ máa ń gùn bí òógùn bá ti mu ún, ọ̀rá máa ń tú fúnra rẹ̀. Okùn ọ̀gbọ̀ tí a fi ìda pa ni kì í dójú tì mí.

Ihò apá ni kí o ṣọ́ jù. Télọ̀ tó mọ búbá rán dáadáa yóò fẹ́ ṣe ihò apá tó fẹ̀ fún ọ kí ara lè tù ọ́. Má gbà fún un. Bí ihò apá bá fẹ̀ tó sì rọ̀ sílẹ̀, bí o bá gbé idà sókè, gbogbo ẹ̀wù ni yóò bá apá lọ, irin ẹsẹ̀ á sì bá ẹ̀wù lọ. Kí ihò náà kéré, kó sún mọ́ abíyá pẹ́kípẹ́kí, kí aṣọ púpọ̀ wà lára apá fúnra rẹ̀, lókè lọ́hùn-ún níbi èjìká. Fi aṣọ àlòkù gé e dán wò ná. Gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ láti orí. Bí ibi ìbàdí kò bá kúrò níbi tó wà, ó ti pé. Bó bá ṣí sókè, tú u kí o tún un gé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìbàdí ni pé ẹsẹ̀ ló ń pa èèyàn nínú irin, kì í ṣe èjìká. Ní 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Leeds gbé àwọn tó máa ń wọ ìhámọ́ra fún àwọn àlejò ní Royal Armouries, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà àtijọ́ sí, sórí ẹ̀rọ tí a fi ń rìn lójú kan, wọ́n sì wọn èémí wọn. Ohun tí wọ́n wọ̀ tó kílò 30 sí 50. Agbára tí wọ́n fi rìn ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò wọ irin lọ. Ẹni tó bá pọn ìwúwo kan náà sẹ́yìn kì í rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹsẹ̀ tó wọ irin ń ju ẹrù síwájú, ó tún ń dá a dúró. Wọ́n tún rí i pé irin àyà kì í jẹ́ kí àyà fẹ̀, èémí kúkúrú kúkúrú ni wọ́n ń mí. Èmi náà mọ̀ ọ́n lára: wàá fẹ́ mí kanlẹ̀, irin á ní ó tó bẹ́ẹ̀.

Fún ìwọ, jack ni kí o rán. Àṣẹ kan tí Ọba Louis Kọkànlá ti Faransé pa fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sọ bó ṣe yẹ kó rí: ìpele aṣọ ọ̀gbọ̀ 30, tàbí ó kéré tán 25, pẹ̀lú awọ àgbọ̀nrín kan. Ọ̀gbọ̀ tó ti gbó díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, torí ó rọ̀. Lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àlòkù, máa ra aṣọ ibùsùn ọ̀gbọ̀ tàbí aṣọ tábìlì, fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n kí wọ́n sún kì tán, kí o tó gé wọn. Ìwọ kò nílò ìpele 30 fún idà tó kújú. Ohun tí mo máa ń ṣe ni ìpele tó pọ̀ sí àyà àti èjìká, tó dín kù lábẹ́ apá. Má fi poliẹ́sítà sí i. Ooru rẹ̀ kò ṣe é fara dà, bí iná ibùdó bá sì ta sí i, ó ń yọ́ mọ́ ara ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní aṣọ rírán kì í ṣe ìhámọ́ra gidi, ní kó lọ wo ẹ̀wù ogun ẹṣin láti Sudan tó wà ní British Museum. Òwú igi àràbà ni wọ́n kì sínú rẹ̀.

Àṣíborí ni irin àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí o náwó lé, má sì rọ ọ́ fúnra rẹ. Rà á lọ́wọ́ ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí irin rẹ̀ tó mìlímítà 2 níbi àtàrí, kí aṣọ inú rẹ̀ mú kí àlàfo wà láàárín irin àti agbárí, kí okùn àgbọ̀n rẹ̀ le. Bí o bá ń di irun tàbí o ní dàda, bí irun rẹ ṣe máa wà lọ́jọ́ ogun ni kó wà lọ́jọ́ tí o bá ń wọn orí. Kò sí ẹni tó máa rán ọ létí èyí ní ṣọ́ọ̀bù òyìnbó.

Ooru á mú ọ, wàá fẹ́ tú irin ọrùn. Lord Clifford, ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Lancaster, tú tirẹ̀ nítòsí Ferrybridge ní oṣù kẹta 1461, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ṣe sọ, ọfà sì bá a lọ́rùn. Ọba Richard Kẹta ti England, tí wọ́n pa lójú ogun Bosworth ní 1485, nígbà tí wọ́n wú egungun rẹ̀ ní Leicester ní 2012, wọ́n rí ọgbẹ́ 11, mẹ́sàn-án nínú wọn ní agbárí. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé àṣíborí kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ọfà tiwa ní róbà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀pá bill tó ṣèèṣì yọ kò ní róbà.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lórí pápá, ìka ló ń ṣẹ́ jù. Idà á yọ́ bọ́ sílẹ̀ lára ọ̀pá, á sì bá ìka tó di ọ̀pá mú. Ọ̀kan nínú wa tó lọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ lásán kò lè tẹ kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe jẹun. Bí owó kò bá tó, dúró sí ẹ̀yìn títí wàá fi rí ìbọ̀wọ́ irin rà.

Nípa ẹ̀wù àwọ̀n irin tí o béèrè, gbàgbé ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, òrùka rẹ̀ kàn pàdé lẹ́nu ni, wọn kò fi rivet, ìṣó kékeré tí a ń lù pa, dè é. Wọ́n ta ọ̀kan fún ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, òrùka sì ń já bọ́ sínú koríko ní gbogbo ìgbà tó bá jókòó. Ní 1471, ẹni tó wọ irin pẹlẹbẹ, abíyá, ọrùn àti abẹ́ ìdodo nìkan ló ń fi àwọ̀n irin bò, níbi tí irin pẹlẹbẹ kò lè dé.

Bí ọwọ́ bá ṣáà ń yún ọ láti rọ nǹkan, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irin ìgbọ̀nwọ́. Fi páálí gé àwòṣe rẹ̀, kí o tó gé páànù irin lásán tó nípọn tó mìlímítà 1.5. Gbẹ́ ihò róbótó sórí kùkùté igi, fi òòlù olórí róbótó máa lù ú díẹ̀díẹ̀ kí o sì máa yí i. Kò nílò iná. Di etí rẹ, kí o sì bá àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní páànù tí wọ́n fi síńkì bò, irú èyí tí a fi ń kan òrùlé, pàápàá bí o bá fẹ́ fi iná sí i. Èéfín rẹ̀ ń dá ibà sí èèyàn lára. Kí o sì mọ̀ pé dídán rẹ̀ máa gba àkókò ju lílù rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ogun, nù ún gbẹ kí o tó jẹun, fi epo pa á. Òógùn àti òjò England kò ní jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kó tó dípẹtà.

Àwọn kan á bi ọ́ pé kí ni dúdú ń wá nínú ogun England. Mo máa ń sọ fún wọn nípa John Blanke, afunfèrè dúdú ní ààfin Henry Keje àti Henry Kẹjọ, tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé gígùn tí wọ́n ń ká jọ, èyí tí wọ́n ya ìdíje Westminster ti 1511 sí. Bí wọ́n bá ní afunfèrè kì í ṣe jagunjagun, ère Maurice Mímọ́ wà ní kàtídírà Magdeburg ní Jámánì, láti nǹkan bí 1240: ojú aláwọ̀ dúdú kedere, nínú àwọ̀n irin àti ẹ̀wù tí wọ́n to irin sí nínú. Ó tún wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ ṣe rí láyé ọjọ́un.

Bàtà ló kù. Awọ dídán ni ìsàlẹ̀ bàtà ìgbà yẹn, ó sì ń yọ̀ lórí koríko, bí koríko bá tutù, bó bá gbẹ. Àwọn ẹgbẹ́ kan gbà kí a lẹ róbà pẹlẹbẹ sí i, àwọn mìíràn kò gbà. Àwọn kan kò sì fẹ́ bàtà oníṣòó rárá nítorí ẹni tí wọ́n lè tẹ̀ mọ́lẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ olórí ẹgbẹ́ kí o tó san owó. Mú èyí tó fi díẹ̀ tóbi jù ọ́ lọ, torí ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn á wà nínú rẹ̀. Rà á láti ìgbà òtútù, kí o máa fi rìn nínú ilé, kí awọ rẹ̀ ti mọ ẹsẹ̀ rẹ kí oṣù keje tó dé.