Ọjọ́ wo ni kí n sọ fún oníbàárà pé sọ́fítíwíà rẹ̀ máa parí?

Ẹ ní ọlọ́jà kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, fẹ́ áàpù tí yóò máa ṣírò ọjà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ń bèèrè ọjọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá ọjọ́ kankan fún un.

Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì dípò kí ẹ máa ka wákàtí. Planning Poker, eré káàdì tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà fi ń díwọ̀n iṣẹ́, tí James Grenning gbé jáde ní 2002, dára fún èyí: kálukú á mú káàdì tirẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, 1, 2, 3, 5, 8 tàbí 13 (póíǹtì ni wọ́n: bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó ni nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ tó), gbogbo yín á sì ṣí i pa pọ̀. Bí ẹnì kan bá mú 2, tí ẹlòmíì mú 13, ibẹ̀ gan-an ni ewu sá pamọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣàlàyé. Ẹni tó mú 13 lè ti rántí pé áàpù náà gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fẹ́ràn fún sprint, ìyẹn sáà kúkúrú tí ẹ fi ń parí apá kan iṣẹ́. Scrum, ìlànà iṣẹ́ tó ń lo sprint, ò gbà kó ju oṣù kan lọ. Lẹ́yìn sprint mẹ́ta, ẹ wo póíǹtì tí ẹ parí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 18, 24 àti 21, tó sì ku póíǹtì 120, ẹ fi 24 pín in, kí ẹ tún fi 18 pín in, kí ẹ wá sọ fún un pé ó máa tó sprint 5 sí 7.

Iṣẹ́ tó bà yín lẹ́rù jù ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹ má fi apá sísan owó nínú áàpù náà sẹ́yìn rárá.