Bí sáírìn panápaná bá ké lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ kú àìsùn o. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, pé sáírìn ilé panápaná ibẹ̀ máa ń ké láago méjì òru, pé ó lè ké lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan náà, ọmọ yín ò sì rójú sùn mọ́. Ẹ wá ń béèrè pé láyé fóònù yìí, kí ni wọ́n tún ń fi í ṣe, ta lèèyàn sì lè kọ̀wé sí kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́.

Mo ti wà níbi tẹ́ ẹ wà yẹn rí. Lọ́dún 2013 témi àti ìyàwó mi kó dé ìlú tá à ń gbé, láàárín àwọn òkè apá àríwá Pennsylvania kan náà, ọjọ́ kẹta la kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Sáírìn tí mo mọ̀ ni ti gómìnà àti ti ọkọ̀ tó ń kó owó báńkì: o gbọ́ ọ, o yà fún un, ó kọjá, o bú u díẹ̀, ó tán. Èyí ò kọjá. Ó dúró sójú kan, ó ń ké ṣáá. Kí n tó la ojú tán, ìyàwó mi ti ń wá ìwé ìrìnnà wa nínú dúrọ́ọ̀, ó rò pé ogun dé. Nígbà tílẹ̀ mọ́ mo bi aládùúgbò wa pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní màmá arúgbó kan ló ṣubú sílé ìwẹ̀. Inú bí mi gan-an. Ṣé torí ìyẹn ni gbogbo ìlú ṣe máa jí? Kò pẹ́ tí ẹnì kan gbé ìwé ẹ̀hónú wá sẹ́nu ọ̀nà wa pé kí wọ́n máa pa sáírìn lóru. Mo bu ọwọ́ lù ú kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo di ọ̀kan nínú àwọn panápaná yẹn, ẹ má sì rò pé torí pé mo jẹ́ ẹni rere ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá panápaná ní ìyá lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìgbà tó bá wá kí i ló máa ń yọ mí lẹ́nu, títí ó fi sú mi tí mo gbà. Ìyàwó mi béèrè iye tí wọ́n máa san. Mo ní kò sówó níbẹ̀. Ó wò mí títí. "O fi Nàìjíríà sílẹ̀, o wá lọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún òyìnbó lóru." Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kí wọ́n tó gbà kí n wọ ilé tó ń jó lé ní wákàtí 150, àwọn alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ mi ló bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Lọ́pọ̀ ilé panápaná ìgbèríko bíi tiwa, kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀, ilé oníkálukú la wà. Ilé yẹn ṣófo, ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, ọ́fíìsì káúntì, bí ìjọba ìbílẹ̀, ló ń gbé e, ibẹ̀ sì lè jìnnà sí yín dáadáa. Ẹni tó gbé e á fi rédíò ta ohùn méjì tẹ̀ léra wọn, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bí ìgbà téèyàn ń fọn fèrè. Ilé panápaná kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn méjì tirẹ̀. Péjà, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìpè rédíò tá a fi kọ́ ìgbànú, á dákẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àfi tó bá gbọ́ ohùn méjì tiẹ̀. Ìgbà yẹn ló máa lanu, àá wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti àdírẹ́sì. Àpótí kan wà lára ògiri ilé panápaná tóun náà ń tẹ́tí sí ohùn yẹn, òun ló ń jí sáírìn. Sáírìn fúnra ẹ̀ ò lọ́gbọ́n kankan lórí: abọ́ irin oníhò kan ló ń yí nínú òmíràn tó dúró, afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ihò náà jáde ní ìdákúrekú. Bí ẹ̀rọ tó ń yí i bá ṣe ń yára ni ohùn ẹ̀ ń gòkè. Tíná bá kúrò lára ẹ̀, ohùn á máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹkún ń tán lẹ́nu ẹ̀.

Àwọn àgbà ibẹ̀ sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ fún mi. Ìlú Haleyville ní Alabama ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe 911, nínú oṣù Kejì ọdún 1968, ó sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará oko. Kó tó dé, fóònù kan ṣoṣo ló máa ń dún nínú ilé mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó ilé tó bá kọ́kọ́ gbé e ló máa tẹ bọ́tìnnì sáírìn tó wà lára ògiri kíṣìnnì ẹ̀, bóyá ọwọ́ ẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun ni o, bóyá ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ilé panápaná á fi ṣọ́ọ̀kì kọ àdírẹ́sì sára pátákó, káwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí ọkọ̀ gbà. Pátákó náà ṣì wà lọ́dọ̀ tiwa. Iye tá à ń ta oúnjẹ ẹja ọjọ́ Ẹtì tá a fi ń wá owó ni wọ́n ń kọ sí i báyìí.

Ó wá ku ohun kan témi náà ò mọ̀ nígbà tí mo fi ń bu ọwọ́ lu ìwé. Ẹ rò pé bó bá ké lẹ́ẹ̀mẹta lóru kan, ohun mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyọ kan náà ni. Káúntì ta ohùn, wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, wọn ò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni sọ lórí rédíò pé ọkọ̀ ti jáde, wọ́n á tún un ta. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìkejì, èèyàn ò tíì pé nìyẹn. Tó bá fi di ìkẹta, wọ́n ti ń pe panápaná ìlú kejì mọ́ ọn.

Òru kan nínú oṣù Kìíní, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, péjà mi lanu: iná ti mú ihò èéfín ilé oko kan lódìkejì àfonífojì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ilé mi sí ilé panápaná, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo tan iná, mo ṣí ilẹ̀kùn ńlá, mo wọ ṣòkòtò, bóòtù àti kóòtù, mo dúró. Sáírìn ń wálẹ̀ lọ lórí òrùlé. Wọn ò tíì fún mi láṣẹ láti wa ọkọ̀ ńlá nígbà yẹn, kò sóhun tí mo lè ṣe ju kí n máa wo títì, bóyá iná mọ́tò á yọ. Kò yọ. Ife kọfí bí ogún ló wà ní kíkọ́ sókè síńkì, orúkọ oníkálukú lára tiẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ. Ẹni yìí ti kó lọ sí Florida. Ẹni yìí ti lọ gba iṣẹ́ alẹ́ níbi tó jìn tó wákàtí kan. Ẹni yìí ti kú, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ife ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò tún sọ̀rọ̀, ohùn méjì náà tún jáde, sáírìn tún gbéra lókè orí mi gan-an, gbogbo ife yẹn bá ń gbọ̀n, wọ́n ń kan ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́.

Bàbá kan tó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún ló dé, ṣòkòtò tó fi sùn ló wà nídìí ẹ̀. Dírẹ́bà ni. Ó ní, "Ta ló kù?" Mo ní èmi náà nìyí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní kọ síbí. Ìlànà NFPA, àjọ tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ panápaná kalẹ̀ l'Amẹ́ríkà, fún ìgbèríko ni pé kéèyàn mẹ́fà dé ibi iná láàárín ìṣẹ́jú 14. Òfin tá à ń tẹ̀ lé sì ni pé bí méjì bá wọ inú iná, méjì míì gbọ́dọ̀ wà níta tó lè wọlé lọ fà wọ́n jáde. Àwa méjì la gbé ọkọ̀ lọ. Ẹnì kan fi mọ́tò tiẹ̀ bá wa níbẹ̀, ti ìlú kejì dé lẹ́yìn náà.

Òkè ilé náà jó tán. Kò séèyàn tó kú. Nígbà tójú mọ́ tá à ń ká hóòsì tó ti gan bí igi, mo rí ọkọ̀ bàbá onílé níta: àwọn fọ́tò ara ògiri, Bíbélì, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ó to gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Mo ní wọ́n mà ráyè kó ẹrù. Bàbá onílé ní, "Mò ń gbọ́ sáírìn yín láti ibí. Nígbà tó ké lẹ́ẹ̀kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o." Òun náà ti ṣe panápaná rí kí orúnkún ẹ̀ tó kọ̀ ọ́.

Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Pennsylvania gbé dìde kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn lọ́dún 2018 pé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ panápaná ní ìpínlẹ̀ náà tó 300,000 láwọn ọdún 1970, pé wọ́n ti ku nǹkan bí 38,000. Mo rántí àwọn ife yẹn nígbà tí mo kà á.

Ẹ ní fóònù ńkọ́? Ó wà, áàpù náà wà, a sì ń lò ó. Àmọ́ láàárín òkè tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe bó ṣe wù ú. Mo ti rí ìkéde tó wọlé sórí fóònù mi nígbà tá a ti padà sílé. Péjà ńkọ́? Bọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, o lè má gbọ́ nǹkan kan. Sáírìn náà níṣòro tiẹ̀, mi ò ní purọ́. Bí atẹ́gùn bá kọjú síbòmíì, apá kan ìlú ò ní gbọ́. Yìnyín máa ń dì í. Nígbà kan ẹyẹ kọ́lé sínú ẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn hùùù, kò yí, fíúsì já. Èmi tí mo fúyẹ́ jù ni wọ́n ní kí n gun àkàbà, mo fi ọwọ́ kó koríko àti ìyẹ́ jáde nínú òtútù. Torí ẹ̀ la ṣe ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sáírìn tún ń sọ fáwọn tó wà lójú ọ̀nà pé a ń bọ̀. Iná búlúù tẹ́ ẹ máa ń rí lórí mọ́tò wa ò fún wa láṣẹ láti sáré tàbí ká já iná pupa, ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ sáírìn ló máa ń tètè yà fún wa.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fara dà á bẹ́ẹ̀ o. Ìwé ẹ̀hónú tí mo bu ọwọ́ lù yẹn dá ìjà sílẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́jọ, àwọn aládùúgbò ò kí ara wọn mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tó parí ẹ̀ ni pé ẹnì kan yí nǹkan díẹ̀ padà nínú àpótí ara ògiri yẹn: tí iṣẹ́ bá jẹ́ ti aláìsàn, sáírìn ò ní ké lóru mọ́, tó bá jẹ́ iná tàbí jàǹbá ọkọ̀, nígbàkigbà tí káúntì bá ta ohùn, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gòkè tó máa wálẹ̀, dípò ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè béèrè nìyẹn, ẹ lọ fẹnu ara yín béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìlú. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ lọ sí apá kejì ilé, kẹ́ ẹ sì tan fáànù sí i. Àbíkẹ́yìn mi kì í ta pútú mọ́ tó bá ń ké, bẹ́ẹ̀ tí mo bá ya ọ̀rá bisikíìtì, ó ti jí.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ráyè, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá wọ inú iná. Wọ́n nílò ẹni tó máa darí ọkọ̀ lójú pópó, ẹni tó máa dín ẹja, ẹni tó máa kọ ìwé owó. Èyí tó pọ̀ nínú àwọn ilé panápaná lágbègbè wa máa ń pàdé lálẹ́ ọjọ́ Ajé láago méje. Bàtà tó ti gbó ni kẹ́ ẹ wọ̀ lọ o, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ.